Sùúrù Kì Í Ṣe Ìjókòó Lásán

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, orúkọ àdúgbò wa yìí, Sùúrùlérè, wàásù ni fún ẹni tí ó bá ronú sí i. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó ní 1955, apá ibí ni wọ́n kọ́ ilé sí fún àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò jìnnà sí àwọn oníbàárà wọn. Wọ́n ṣe sùúrù, ṣùgbọ́n wọn kò káwọ́ gbera. Wọ́n ń wọkọ̀ padà lọ sí Erékùṣù láti tajà.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé láti ara ọ̀rọ̀ Lárúbáwá náà, ṣabr, ni a ti rí sùúrù. Ìtumọ̀ ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni kí á dá nǹkan dúró, kí á kó o níjàánu. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe oorun.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, Yorùbá sì ní ọ̀rọ̀ tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu. Èkíní ni sùúrù lórí àṣẹ Ọlọ́hun: ìrọ́jú ni èyí, bí ẹni tí ó fi oorun sílẹ̀ kí ìrun Àsùbáà. Èkejì ni sùúrù níbi ẹ̀ṣẹ̀: ìkóra-ẹni-níjàánu, bí ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́, tí ó sì kọ owó jìbìtì. Ẹ̀kẹta ni sùúrù lórí àdánwò: ìfaradà. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn ni ó ṣẹ̀ wá, tí a kò gbẹ̀san, ìpamọ́ra ni.

Ohun tí ó bani nínú jẹ́ ni pé ẹni tí ó lágbára láti ran aláìní lọ́wọ́ a máa wí fún un pé, "Ṣe sùúrù," a sì kọjá lọ. Àwọn ọ̀dọ́ gbọ́ èyí títí, wọ́n wá rò pé orúkọ mìíràn fún ọ̀lẹ ni sùúrù.

Ẹ wo Ànábì Yaʿqub. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀wù Yusuf tí ó lẹ́jẹ̀ wá bá a, sùúrù tí ó rẹwà ni ó dì mú. Síbẹ̀, nínú Súúrà Yusuf kan náà, ó kó ìbànújẹ́ rẹ̀ tọ Ọlọ́hun lọ, ó sì rán àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n lọ wá Yusuf àti àbúrò rẹ̀, kí wọ́n má ṣe sọ ìrètí nù.

Nítorí náà, ẹni tí ń wáṣẹ́, kí ó máa wá a. Ẹni tí ń kọ́ṣẹ́, kí ó kọ́ ọ parí. Kí á tó sọ fún ẹlòmíràn pé kí ó ṣe sùúrù, kí á kọ́kọ́ wo ohun tí ọwọ́ wa lè ṣe fún un.

Kí Ọlọ́hun fi wá sára àwọn onísùúrù. Àmín.