Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ ÌDÁWÓ FÚN Ẹ̀KỌ́ IṢẸ́ ẸNJINÍÀ NÍ YUNIFÁSÍTÌ ÀJÀYÍ CROWTHER

  Ìgbìmọ̀ Àjọ̀dún ní kí n sọ̀rọ̀ lórí owó. Èmi náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó kì í dùn létí, pàápàá nígbà tí àwo ìdáwó ti yí wa ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí a tó jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ fi sùúrù gbọ́ tèmi.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1859, Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, àna Àjàyí Crowther, ń gbèrò láti dá ilé-ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ ní Èkó. Èrò wà, owó kò sí. Ó tọ Kápútéènì James Pinson Labulo Davies lọ, oníṣòwò ọmọ Saro, ẹni náà sì gbé £50 kalẹ̀. Owó yìí ni a fi ra ìwé àti ohun èlò, tí a fi ṣí C.M.S. Grammar School ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún náà. Nígbà tí a tún ń kó owó ilé kíkọ́ jọ ní 1867, Davies fi £100 lé e. Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ kíyèsí jùlọ nínú àwọn tí ó dáwó ní 1867 ni Daniel Conrad Táíwò, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Táíwò Olówó, ẹni tí ó dá £50. Kì í ṣe ọmọ Saro rárá. Ọmọ Ìṣẹ́rí ni, orúkọ Ìṣẹ́rí kò sì ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ń gbé Alímòṣọ́.

Àwọn ta ni owó náà kọ́? Herbert Macaulay, ọmọ Àlùfáà náà fúnra rẹ̀, kàwé níbẹ̀. Ní 1890 ó lọ sí Plymouth ní Ìlú Ọba láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ó sì padà wálé ní 1893. A mọ̀ ọ́n sí olóṣèlú, a sì máa ń gbàgbé iṣẹ́ tí ó fi jẹun. Ní 1948, ọmọdékùnrin kan tí a bí ní Òṣòdì ní 1937 wọ ilé-ẹ̀kọ́ kan náà. Orúkọ rẹ̀ ni Ayọ̀délé Awójọbí. Ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè yìí ni ó di Ọ̀jọ̀gbọ́n nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Èkó ní 1974, òun náà ni ó ṣe ọkọ̀ Autonov 1, tí ń fi gbogbo jíà rẹ̀ rìn síwájú àti sẹ́yìn. Ọmọ ọdún 47 péré ni nígbà tí ó kú ní 1984. Davies kò rí i, Táíwò kò rí i.

Wàyí o, Ìjọ wa ti ní yunifásítì tirẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ní àgbàlá St. Andrew's College àtijọ́. Ìjọba fún un ní àṣẹ ní 2005, a sì ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó TETFund, tí òfin ọdún 2011 ń darí, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni ó wà fún. Nítorí náà, owó tí òbí ń san àti ọrẹ ènìyàn bí tiwa ni yunifásítì Ìjọ gbójú lé.

Ẹlòmíràn yóò ní, ṣé ìwé kò tó wọn ni? Ìwé tó fún ẹni tí ń kọ́ òfin. Ẹni tí yóò kọ́lé ní láti po sìmẹ́ńtì, yanrìn àti òkúta, kí ó dà á sínú fọ́ọ̀mù bí horo súgà ńlá, kí ó fi í sínú omi fún ọjọ́ 28, kí ó sì gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tí yóò tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fọ́, kí ó lè mọ ìwọ̀n ẹrù tí ó lè gbé. Bí kò bá sí ẹ̀rọ náà, àròsọ ni ó kọ́. COREN pẹ̀lú kì í fi ọwọ́ sí ẹ̀kọ́ tí kò ní ilé iṣẹ́ ọwọ́ tí ó péye.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn ni èyí. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò kan wó lulẹ̀ ní Ìkòtún wa níhìn-ín, ẹ̀mí tí ó bá a lọ lé ní ọgọ́rùn-ún, àwọn tí ó pọ̀ jù nínú wọn wá láti Gúúsù Áfíríkà. Adájọ́ tí ó wádìí ikú náà sọ ní 2015 pé àbùkù wà nínú bí a ti kọ́ ilé náà. Àwọn ará Ìgàndo sì mọ òórùn àkìtàn Solous ju bí mo ti lè sọ ọ́ lọ. Àdúrà kò ní kó àkìtàn náà kúrò. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń darí omi rẹ̀ àti gáàsì rẹ̀ ni yóò ṣe é. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni a kà ní Alímòṣọ́. Ẹ wo iye ọmọ tí ó wà nínú wọn.

Ní ti ọ̀nà tí a ó gbà, èmi kò fẹ́ ìfilọ́lẹ̀ aláriwo. Mo ti jókòó níbi púpọ̀ tí ènìyàn dìde, tí ó pe owó ńlá, tí a pàtẹ́wọ́ fún un, tí a kò sì rí kọ́bọ̀ rẹ̀ títí di òní. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìjọ yìí gba ẹ̀rọ kan ṣoṣo lọ́rùn, kí wọ́n béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ yunifásítì, kí wọ́n máa dá a lóṣooṣù, kí a sì máa lẹ ìṣirò rẹ̀ mọ́ ara ògiri lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kí opó tí ó dá ọgọ́rùn-ún náírà lè kà á bí olówó.

Ìwé kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé ìjọ. Orúkọ ẹgbẹ́ mẹ́rin ti wà nínú rẹ̀, a ó sì fi í sílẹ̀ ní fẹ́sìrì títí di ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀.