Omi ni Ọ̀tá Ìpìlẹ̀ ní Ilẹ̀ Gbígbẹ

Ní òru tí ó mọ́ ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìsédò Alau tí ó wà ní ẹ̀bá ìlú Maiduguri já, odò Ngadda sì ya wọ inú ìlú. Àwọn ènìyàn tí ó ju 400,000 lọ ni ó fi ilé wọn sílẹ̀. Nígbà tí omi fà tán, tí onílé àti ayálégbé padà dé, ìbéèrè kan ni ó wà lẹ́nu gbogbo wọn: ilé tí ó ṣì dúró yìí, ǹjẹ́ ó ṣe é sùn? Ògiri dúró, páànù sì wà lórí rẹ̀; ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ wà nínú ilẹ̀, ojú kò sì tó o. Nígbà tí ọkàn onílé kò balẹ̀, bíríkìlà ni ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè, pé kí ó fi símẹ́ǹtì dí ibi tí ó là. Ohun tí ó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé dídí ojú ìlà kì í ṣe títún ìpìlẹ̀ ṣe.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti Maiduguri nìkan. Láti Nouakchott tí ó wà ní etí òkun Mauritania, títí dé Niamey àti N'Djamena, gbogbo ìlú tí ó wà nínú aginjù tàbí ní etí rẹ̀ ni ó ń fi símẹ́ǹtì rọ́pò amọ̀ tí àwọn baba ńlá wọn fi ń kọ́lé. Ilé amọ̀ a máa béèrè ìtọ́jú lọ́dọọdún. Bí òjò bá ti dá, wọn a po amọ̀, wọn a tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹni tí ó kọ́ ilé kọnkéré rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ ọdọọdún, àti pé ní ibi tí òjò kò pọ̀, ìpìlẹ̀ kò ní ohun tí yóò ṣe é. Èrò yìí ni ó ń ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́. Ní ilẹ̀ gbígbẹ gan-an ni omi ti jẹ́ ọ̀tá ìpìlẹ̀ jù lọ, nítorí pé kì í wá déédéé. Oṣù mélòó kan ni yóò fi dà wìì, oṣù tí ó kù nínú ọdún ni oòrùn yóò fi fà á gbẹ. Ilẹ̀ tí ó gbé ilé dúró kò sì lè fara da ìyípadà bẹ́ẹ̀ láìsún.

Ilẹ̀ ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ̀, nítorí pé ilẹ̀ kò rí bákan náà. Ní ìhà gúúsù adágún Chad, ní agbègbè Dikwa, Marte àti Ngala, ilẹ̀ dúdú kan wà tí àwọn Kánúrí ń pè ní firki. Àgbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé ó ń fi omi òjò pamọ́, tí wọ́n sì fi ń gbin ọkà bàbà tí wọ́n ń pè ní masakwa sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí òjò bá ti lọ. Ohun tí ó dára fún ọkà yìí gan-an ni ó burú fún ilé. Bí omi bá kan firki, a wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Bí oòrùn bá pa á, a sún kì, a sì la ẹnu tí ọwọ́ lè wọ̀. Ilé tí ó wà lórí rẹ̀ a máa gòkè ní àkókò òjò, a sì máa sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Bí gbogbo ilé bá jọ ń gòkè, tí ó jọ ń sọ̀ kalẹ̀, ewu ibẹ̀ kì bá tí pọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ àárín ilé a máa tutù, nítorí pé oòrùn kò kàn án, nígbà tí ti abẹ́ igun ilé ti gbẹ. Igun kan yóò rì, èkejì yóò dúró. Ògiri búlọ́ọ̀kù kò sì lè tẹ̀ bí ọparun, nítorí náà ó di dandan kí ó là.

Iyanrìn ní ìwà tirẹ̀. Òkè iyanrìn gígùn kan wà tí ó gba ìhà Maiduguri lọ sí Bama. Etí adágún Chad ni òkè náà jẹ́ láyé àtijọ́, nígbà tí adágún náà tóbi ju bí ó ti wà nísinsìnyí lọ fíìfíì. Iyanrìn kì í wú bí firki. Bí ó bá gbẹ, tí kò sí ohun tí ó da á láàmú, ó lè gbé ilé dúró pẹ́. Ṣùgbọ́n omi tí ń sáré a máa gbá a lọ kúrò lábẹ́ ìpìlẹ̀, yóò sì fi ihò sílẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iyanrìn tí kò kì lè rì lójijì bí omi bá rin ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Nítorí èyí ni ilé kan fi lè la ìkún omi já, tí yóò sì wá wó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí onílé ti padà sùn sínú rẹ̀.

Ìṣòro kẹta ni iyọ̀, Nouakchott ni ó sì fi í hàn jù lọ. Ọdún 1958 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlú yìí láti fi ṣe olú-ìlú, láàárín òkun Àtìláńtíìkì àti iyanrìn Sàhárà. Ìwọ̀nba ènìyàn ni wọ́n rò pé yóò gbé ibẹ̀; ọ̀dá ọdún 1970 sí ọdún 1989 lé àwọn darandaran wọ inú rẹ̀, ó sì ti di ìlú tí ó ní ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ. Ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀, ibòmíràn nínú rẹ̀ kò tilẹ̀ ga tó òkun, omi oníyọ̀ sì sún mọ́ òkè nínú ilẹ̀ náà. Láti ọdún 2010 ni wọ́n ti ń fa omi odò Senegal wá fún àwọn ará ìlú láti mu. Ọpẹ́ ni fún omi mímu náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà tí omi ìdọ̀tí yóò gbà jáde kò tó, inú ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú omi náà ń padà sí, tí omi abẹ́ ilẹ̀ sì ń gòkè sí i. Kọnkéré a máa fa omi oníyọ̀ yìí mu láti ìsàlẹ̀, bí òwú àtùpà ti ń fa epo. Oòrùn a gbẹ omi náà níbi tí ògiri ti yọ lórí ilẹ̀, iyọ̀ a ṣẹ́kù, a dì, a sì máa ti ojú kọnkéré dànù díẹ̀díẹ̀. Bí iyọ̀ bá wá dé ara ọ̀pá irin tí ó wà nínú kọnkéré, irin náà yóò dógùn-ún. Ìpẹtà gba àyè ju irin tí ó ti ara rẹ̀ jáde lọ, nítorí náà yóò fọ́ kọnkéré láti inú wá. Ohun funfun bí ìyẹ̀fun tí ń hù ní ìsàlẹ̀ ògiri ni àmì àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá fi símẹ́ǹtì líle rẹ́ ẹ mọ́lẹ̀ kàn ń lé omi náà gòkè sí i ni.

Ooru pẹ̀lú ní ẹ̀bi tirẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n ti da kọnkéré sílẹ̀. Ní oṣù Kẹrin, ooru Maiduguri a máa kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì gbẹ. Símẹ́ǹtì nílò omi kí ó tó lè le. Bí oòrùn bá fa omi náà kí ó tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kọnkéré yóò sán wẹ́wẹ́, kò sì ní lágbára. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ a máa bu omi kún un bí ó bá ti ń le lọ́wọ́, kí ó lè rọrùn láti tẹ́; omi àbùlé yìí ni ó ń sọ agbára rẹ̀ di aláìtó nǹkan. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ ni ó tọ́ láti da kọnkéré ní ilẹ̀ gbígbóná. Kí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ sí abẹ́ ibòòji, kí wọ́n wọ́n omi sí ilẹ̀ kòtò ìpìlẹ̀, kí wọ́n sì fi àpò ìdọ̀họ tútù bo kọnkéré náà fún ọjọ́ méje, ó kéré tán, láìjẹ́ kí ó gbẹ. Kí onílé sì ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò símẹ́ǹtì: ní ọdún 2014, àjọ tí ń bójú tó ìwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà là á sílẹ̀ pé 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri, 42.5 sì wà fún kọnkéré tí yóò gbé ilé.

Báwo wá ni onílé yóò ṣe mọ̀ pé ìpìlẹ̀ òun ń sún? Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, tí kò gùn sí i, kò yẹ kí ó dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn, tí ó dagun lọ, tàbí tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín búlọ́ọ̀kù bí àtẹ̀gùn, ni kí ó fiyè sí. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn tí ó ti ń tì dáadáa rí tí ó wá ń há. Kí ó fi pẹ́ńsù sàmì sí orí àti ìdí ìlà náà, kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí ó sì wọn fífẹ̀ rẹ̀ lóṣooṣù, láti òjò wọ ẹ̀ẹ̀rùn. Ìlà tí ń ṣí ní ẹ̀ẹ̀rùn, tí ń pa dé ní òjò, ń sọ pé ilẹ̀ ni ó ń wú tí ó ń sún kì. Èyí tí ń fẹ̀ sí i láìdúró, tàbí tí ó ti ju mìlímítà márùn-ún lọ, ti kọjá agbára bíríkìlà nìkan. Ẹnjinníà ni kí wọ́n pè, kí àwọn ará ilé sì jáde kúrò nínú yàrá náà bí ògiri bá ti fì.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Omi ni aláǹgbá ìpìlẹ̀, dídínà fún un sì ni ìtọ́jú tí owó rẹ̀ kéré jù lọ. Kí ilẹ̀ tí ó yí ilé ká dagun kúrò lára ògiri, bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún nínú mítà kọ̀ọ̀kan. Kí gọ́tà gba omi òrùlé, kí ó sì gbé e jìnnà. Ibi ìwẹ̀, ẹ̀rọ omi àti ihò omi ìdọ̀tí kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìpìlẹ̀. Páìpù tí ń jò lábẹ́ ilẹ̀ ní igun kan ṣoṣo lè ba ilé orí firki jẹ́ ju òjò ọdún kan lọ, nítorí pé igun kan náà ni yóò máa wú. Igi dóńgóyárò tí ó gbajúmọ̀ ní Maiduguri ń fúnni ní ibòòji, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ a máa fa omi inú ilẹ̀. Kí wọ́n gbìn ín jìnnà sí ilé. Èyí tí ó sì ti dàgbà lẹ́bàá ilé lórí ilẹ̀ amọ̀, kí wọ́n má ṣe sáré gé e lulẹ̀ láìbéèrè, nítorí pé omi tí kò rí gbòǹgbò fà á mọ́ yóò mú kí ilẹ̀ wú sókè.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dí ọ̀nà omi ni àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀. Níbi tí irin ti dógùn-ún, kí wọ́n gbẹ́ kọnkéré tí ó ti bàjẹ́ kúrò títí dé ẹ̀yìn irin náà, kí wọ́n ha irin títí yóò fi dán, kí wọ́n fi omi tí kò ní iyọ̀ fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi símẹ́ǹtì kan sí iyanrìn mẹ́ta dí i, kí ó máa tutù fún ọjọ́ mélòó kan. Iyanrìn etí òkun tí wọn kò fọ̀ kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Níbi tí ilẹ̀ abẹ́ ìpìlẹ̀ ti lọ, ó di dandan kí wọ́n wa ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì fi kọnkéré tuntun gbé e. Ibẹ̀ ni ẹ̀mí ti ń bọ́ bí wọ́n bá kánjú. Wọn kò gbọ́dọ̀ wa gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Bíi mítà kan ni kí wọ́n wà, kí wọ́n fo ibi tí ó tẹ̀ lé e, kí wọ́n da kọnkéré sí èyí tí wọ́n ti wà, kí ó le, kí wọ́n sì fi símẹ́ǹtì tí kò lómi púpọ̀ kì àárín tuntun àti ti àtijọ́ pinpin, kí wọ́n tó lọ sí òmíràn. Iṣẹ́ tí ẹnjinníà gbọ́dọ̀ dúró tì ni.

Ẹrù yìí kò yẹ kí ó jẹ́ ti onílé nìkan. Ẹnì kan kò lè fi gọ́tà ilé rẹ̀ gbé omi lọ sí ibi tí ojú àgbàrá kò sí, bẹ́ẹ̀ ni ìsédò tí a kò tọ́jú kò ní béèrè ìpìlẹ̀ ta ni ó lágbára kí ó tó já. Ọdún 1994 ni ìkún omi irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí Maiduguri rí. Ọgbọ̀n ọdún sì wà láàárín tí ènìyàn ìbá fi gbọ́n. Ojúṣe ìjọba ni láti tọ́jú ìsédò, kí ó la ojú àgbàrá, kí ó sì rán àwọn tí ó mọ iṣẹ́ láti yẹ ilé wò lẹ́yìn ìkún omi, nítorí pé tálákà tí kò rí owó san fún ẹnjinníà kò ní ibòmíràn tí yóò sùn. Ojúṣe onílé ni kí ó má ṣe fi ọ̀dà tuntun bo ìlà mọ́ ayálégbé lójú, kí ó sì gba owó ilé lórí ewu. Símẹ́ǹtì àpò kan tí a fi rẹ́ ojú ògiri lè mú ojú rẹwà fún ẹ̀ẹ̀rùn kan. Òjò tí ń bọ̀ ni yóò sọ ohun tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.