Ẹ̀yà Ìbọn, Ìbọn Ni Lójú Òfin
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn akọ̀wé ẹ̀ka àti àwọn aṣojú òṣìṣẹ́

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ nípa títà àti fífi ẹ̀yà ìbọn ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí n wá sọ, àwọn kan bi mí léèrè pé kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Ṣé àwa náà ti di oníṣòwò ìbọn ni? Èmi náà ìbá béèrè bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹ̀ka.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹ̀ka wa ń fi alùpùpù jíṣẹ́ ẹrù fún ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹnì kan ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n di í sínú páálí kékeré, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ẹ̀yà ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Àwọn ọlọ́pàá dá ọmọ náà dúró lójú ọ̀nà, wọ́n tú páálí, wọ́n sì bá ọ̀pá ìbọn kan àti ilé ọta méjì níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ kò sí lórí ìwé. Nọ́ńbà tẹlifóònù tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò lọ mọ́. Ilé iṣẹ́ ní àwọn kò mọ ohun tó gbé. Ẹnì kan ṣoṣo tí ọwọ́ lè tẹ̀ ni ẹni tí páálí wà lẹ́yìn alùpùpù rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò ní àhámọ́ kí agbẹjọ́rò wa tó rí béèlì rẹ̀ gbà. Ohun tó dùn mí jù ni pé èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́ni ẹ̀ka wa pé kí òṣìṣẹ́ má ṣe béèrè ohun tó wà nínú ẹrù oníbàárà. Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni mo ń kọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo òfin. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959, tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà, kò mọ sí orí odidi ìbọn. Níbi tí ó ti ṣàlàyé ohun tí ó ń pè ní ìbọn, ó fi kún un pé ẹ̀yà èyíkéyìí tí a fi to ìbọn pọ̀ wà nínú rẹ̀. Òfin Ìdigunjalè àti Ohun Ìjà, tí ìjọba ológun gbé jáde ní 1984, sọ ọ́ gbangba ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìbọn ni, yálà ó wà lódidi tàbí wọ́n ti tú u sí wẹ́wẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ń polówó ọ̀pá ìbọn tàbí ilé ọta lórí tẹlifóònù rẹ̀, tí ó ń sọ pé irin lásán ni òun ń tà, ìbọn ló ń tà. Ìjìyà ẹni tí wọ́n bá a lọ́wọ́ rẹ̀ láìní àṣẹ, lábẹ́ òfin 1984 yìí, ni owó ìtanràn ₦20,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì pọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí kíkéré owó yẹn tàn yín jẹ. Adájọ́ ló ń yan èyí tí yóò fi jẹ ni, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ olóòótọ́ ènìyàn ti ń ṣìnà ni ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì. Òfin 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìbọn ogun àti ìbọn ìléwọ́, Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fún ni láṣẹ rẹ̀. Ìbọn ọdẹ ti òyìnbó, ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni láísẹ́ǹsì rẹ̀ wà. Ṣakabùlà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ tí à ń gbà ní ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n láísẹ́ǹsì àtiní ìbọn yàtọ̀ sí láísẹ́ǹsì àtità. Ọdẹ tí ìwé rẹ̀ pé pérépéré, tí ó wá ya fọ́tò ẹ̀yà tí kò lò mọ́, tí ó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún títà, ti bọ́ sínú òwò ìbọn, oníṣòwò tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba nìkan ni òfin sì gbà láàyè fún irú òwò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ àti ẹ̀yin tí ẹ ń jó irin, ó kàn yín pẹ̀lú. Ẹni tó bá to ẹ̀yà pọ̀ di ìbọn, tàbí tó tún ìbọn ṣe láìgba àṣẹ, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni ìbẹ̀rẹ̀ ìjìyà rẹ̀. Ẹni tó bá kó o wọlé láti ibi tí kì í ṣe èbúté tí ìjọba yàn fún un, bákan náà.

Ó ku ti àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà. Òfin ìbọn ti ibẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní 1968, ka egungun ìbọn tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ sí ìbọn gan-an. Àwọn ẹ̀yà yòókù, bí ọ̀pá, ìdí ìbọn àti ohun tí ìka ń fà, wọ́n ń tà wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ bí ẹni ń ta bàtà. Èyí ló ń mú kí àbúrò kan níbẹ̀ rò pé bí òun ṣe rà á ní gbangba, bẹ́ẹ̀ náà ni òun ṣe lè jù ú sínú àgbá aṣọ tí òun ń fi ránṣẹ́ sílé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kí irú ẹ̀yà wọ̀nyí tó jáde ní Amẹ́ríkà wá sí Nàìjíríà, ó gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì ìjọba. Láti oṣù Kẹta 2020, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òwò ló ń bójú tó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe ti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè bíi ti tẹ́lẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2018 sì lè fi ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ rú u sí ẹ̀wọ̀n ogún ọdún, kí ó sì san owó tó tó mílíọ̀nù kan dọ́là. Bí ẹ bá ní ẹbí níbẹ̀, ẹ ka ìpínrọ̀ yìí sí wọn létí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé gbígba Kútọnu tàbí Lomé wọlé ni ọ̀nà àbùjá. Àdéhùn ECOWAS lórí ohun ìjà kéékèèké, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá ní 2006, tí ó sì di òfin ní 2009, ka ẹ̀yà àti ohun èlò ìpààrọ̀ mọ́ ohun ìjà, ó sì ka gbígbé wọn kọjá ààlà léèwọ̀ àyàfi tí ìjọba bá tọrọ àyè lọ́dọ̀ àjọ náà.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ oṣù Kìíní 2017, nígbà tí àwọn aṣọ́bodè mú kọ̀ǹténà kan ní Mile 2, l'Ékòó. Ìbọn 661 ló wà nínú páálí 49, ilẹ̀kùn irin ni wọ́n fi bò ó. Ní oṣù Keje 2024, ọ̀gá àgbà aṣọ́bodè, Adewale Adeniyi, fi ìbọn 844 àti ọta 112,500 hàn ní èbúté Onne ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Láti ilẹ̀ Tọ́kì ni wọ́n ti wá, ilẹ̀kùn àti ohun èlò ilé ni wọ́n fi pa wọ́n mọ́. Ẹ wo iye ọwọ́ òṣìṣẹ́ tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ń kọjá: ẹni tó ń sọ ọ́ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹni tó ń kọ ìwé rẹ̀, awakọ̀, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, alábàárù. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ọlọ́pàá tí kò gbọ́ Yorùbá pàápàá mọ òwe yìí. Òótọ́ ni pé àìmọ̀ lè gba ni sílẹ̀ níwájú adájọ́, ṣùgbọ́n inú àhámọ́ ni a ti ń dúró de adájọ́.

Kí ni kí òṣìṣẹ́ ṣe? Kí ó béèrè. Orúkọ olùfiránṣẹ́ tí ó bá káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ mu, àdírẹ́sì rẹ̀, ohun tó wà nínú ẹrù ní kíkọ sílẹ̀, àti ìbuwọ́lùwé rẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí olùfiránṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣí ẹrù lójú òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó dì í. Bí ẹrù bá ti wà lọ́wọ́ yín kí ìfura tó dé, ẹ má ṣe dá a tú. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá yín pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan, kí ilé iṣẹ́ sì pe ọlọ́pàá. Ẹ má ṣe dá a padà fún ẹni tó gbé e wá kí ó lè tètè kúrò lọ́rùn yín, nítorí ìyẹn náà jẹ́ fífi ìbọn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Bí wọ́n bá mú yín, abala 35 nínú Òfin Ipilẹ̀ 1999 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí ẹ ó fi rí agbẹjọ́rò tàbí ẹni tí ẹ bá yàn. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn yín fún yín ní kíkọ sílẹ̀, ní èdè tí ẹ gbọ́, láàárín wákàtí 24. Bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé yín débẹ̀. Mo mọ̀ pé wọn kì í sábà pa èyí mọ́. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà akọ̀wé ẹ̀ka fi gbọ́dọ̀ wà lórí kí ó sì wà nínú tẹlifóònù pẹ̀lú, nítorí tẹlifóònù ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbà.

Iṣẹ́ tó kù, ti àwa olórí ni. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn tí mo ti kà láàárín ẹgbẹ́ àti agbanisíṣẹ́, kò sí ibi kan tí ó sọ pé òṣìṣẹ́ lè kọ ẹrù tí kò ní ìwé láìpàdánù owó ọjọ́ náà, tàbí pé ilé iṣẹ́ ni yóò san owó agbẹjọ́rò ẹni tí wọ́n mú lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti kọ gbólóhùn méjèèjì sórí ìwé tí wọn yóò pín fún yín nísinsìnyí. Ẹ̀ka tí àdéhùn rẹ̀ yóò parí lọ́dún yìí ni kí ó kọ́kọ́ gbé e lọ sórí tábìlì. Mo ti ṣetán láti gbọ́ ìbéèrè yín.