Ààlà Láàrin Oníṣẹ́ àti Oníbàárà



Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Rẹ́mọ, ẹ̀yin ará mi lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó fún ènìyàn ní òye iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ènìyàn, tí ẹ kò sí lábẹ́ ọ̀gá kankan, yálà Ṣàgámù ni ẹ wà tàbí Ìkẹ́nnẹ́.

Iṣẹ́ náà mọ́, ó sì lérè. Ṣùgbọ́n ìráhùn kan kì í kúrò lẹ́nu àwọn tí ń ṣe é: oníbàárà kì í jẹ́ kí iṣẹ́ tán. Lónìí, á ní kí a fi ojú ewé kan kún un. Lọ́la, á ní kí a yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Lóru, á tún fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, á sì fẹ́ èsì kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí owó bá kù, á ní, "Àbúrò mi, ṣé èmi àti ìwọ náà ni a ó máa ṣírò owó?"

Ọ̀pọ̀ yóò sọ pé oníbàárà ni ó jẹ̀bi. Èmi wí pé ọjọ́ tí ẹ gba iṣẹ́ náà ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ ibi tí iṣẹ́ pin sí.

Ẹ wo ọjà obì tí a fi mọ Ṣàgámù. Olóbì a kọ́kọ́ ka obì pé iye tí a rà, lẹ́yìn náà ni yóò fi èènì lé e. Èènì kì í ṣáájú iye. Ọwọ́ ẹni tí ń tà ni ó sì ti ń wá. Ẹni tí ń rà lè tọrọ rẹ̀, kò lè fi ipá gbà á. Oníṣẹ́ tí kò mọ iye tí òun tà kò lè fún ẹnikẹ́ni ní èènì. Wọ́n kàn ń kó ọjà rẹ̀ lọ ni.

Nígbà tí Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, dé Madina ní ọdún 622, ó bá àwọn ènìyàn níbẹ̀ tí wọ́n ń san owó èso sílẹ̀ fún ọdún kan, ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Kò ní kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀. Ohun tí ó pa láṣẹ ni pé kí òṣùwọ̀n di mímọ̀, kí ọjọ́ sì di mímọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ 282 nínú Suuratul Baqarah pa á láṣẹ pé kí a kọ gbèsè ọlọ́jọ́ sílẹ̀, ìbáà kéré, ìbáà pọ̀. Ọjà ojú ẹsẹ̀ nìkan ni ó yọ sílẹ̀, iṣẹ́ tí a ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe kì í sì í ṣe ọjà ojú ẹsẹ̀.

Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn tilẹ̀ ti jiyàn lórí iṣẹ́ àṣepè, èyí tí wọ́n ń pè ní istisnaa'. Imam Abu Hanifa fún oníbàárà láàyè láti kọ iṣẹ́ náà nígbà tí ó bá rí i. Ṣùgbọ́n Abu Yusuf, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ní bí iṣẹ́ bá ti bá àpèjúwe mu, oníbàárà kò lè kọ̀ ọ́, kí oníṣẹ́ má baà pàdánù. Nígbà tí ìjọba Ottoman kó òfin wọn jọ láàrin ọdún 1869 sí 1876, èrò Abu Yusuf ni wọ́n mú. Ẹ rò ó wò: ìkànnì tí ó ní orúkọ àti àmì ilé ẹ̀kọ́ kan lára, ta ni ẹ tún fẹ́ tà á fún? Ṣùgbọ́n bí kò bá sí àpèjúwe nínú ìwé, kí ni a ó fi mọ̀ pé iṣẹ́ bá àpèjúwe mu?

Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ojú ewé mélòó ni, ta ni yóò mú ọ̀rọ̀ àti àwòrán wá, ní ọjọ́ wo, ìgbà mélòó ni ẹ ó ṣe àtúnṣe lọ́fẹ̀ẹ́, wákàtí wo ni ẹ ń dáhùn ìpè, èló ni àsansílẹ̀, ìgbà wo sì ni ìyókù yóò wọlé. Ẹ má tijú láti béèrè àsansílẹ̀. Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní ìlú New York, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2017 tí ó ní kí iṣẹ́ adáṣẹ́ṣe tí owó rẹ̀ bá tó 800 dọ́là ní ìwé àdéhùn. Bí ìwé kò bá dá ọjọ́ owó, kí a san án láàrin 30 ọjọ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí.

Ẹ lè wí pé ẹ̀gbọ́n yín ni oníbàárà náà, tàbí ọ̀rẹ́ bàbá yín. Àwọn baba wa ti dáhùn: oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Ẹ má kanra mọ́ àgbà, ẹ má sì sá fún un. Ẹ sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, èyí kò sí nínú ohun tí a jọ kọ. Mo lè bá yín ṣe é. Iye rẹ̀ nìyí, ọjọ́ tí yóò parí nìyí." Ẹni tí ó fẹ́ iṣẹ́ yóò dáhùn. Ẹni tí ó ń wá ọ̀fẹ́ yóò padà lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ààlà kì í de ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ má fi orúkọ ara yín gba orúkọ ìkànnì oníbàárà, kí ẹ wá fi dè é mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ ìjà. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọdọọdún ni a ń san owó orúkọ náà àti owó ibi tí a gbé ìkànnì sí, kí ó má baà pè yín ní olè nígbà tí ìkànnì bá wọlẹ̀. Bí ó bá san owó rẹ̀ tán, ẹ kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Bí ẹ bá sì ti dá ọjọ́, ẹ pa á mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ fún àwọn ọmọ yìí, ọ̀rọ̀ kàn yín. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ́ wa pé kí a san owó òṣìṣẹ́ kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Ẹni tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà láàgùn bí ẹni tí ó dìde sí oko.

Lẹ́yìn tí òṣùwọ̀n bá pé, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi èènì sí i tayọ̀tayọ̀. Òun ni yóò mú oníbàárà padà wá.

Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí Ó sì ṣe wá ní olùmú-àdéhùn-ṣẹ. Aamiin.