Olórí Tí Kò Gbowó Oṣù

Ní 1907 ni Baden-Powell kó nǹkan bí ọmọkùnrin 20 lọ pàgọ́ sí erékùṣù Brownsea; ní 1915 ni ẹgbẹ́ Síkáòtù dé Nàìjíríà. Olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń darí rẹ̀, láìgbowó. Ìdí nìyí tí ọ̀ràn náà fi kan Òṣíẹ̀lẹ̀, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976 wà. Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ni a fi lé olórí lọ́wọ́. Bí odò Ògùn bá kún, ìyá ọmọ kò ní béèrè bóyá ó gbowó. Kí wọ́n tó gbéra, kí ìgbìmọ̀ ti mọ iye ọmọ tí ń lọ, ẹni tí kì í ṣe òmùwẹ̀ nínú wọn, àti ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ àgọ́. Kí akápò sì ka ìṣirò owó sí etígbọ̀ọ́ àwọn òbí.