Owó Ìṣọ́ Igbó: Ẹ̀tọ́ Ẹni tí Ó Ṣọ́ Ọ



Igi a máa fa carbon, afẹ́fẹ́ tí ń mú ayé gbóná, mọ́ra. Bí wọ́n bá sun igi di èédú, afẹ́fẹ́ náà a tún padà sókè. Ìdí nìyí tí àwọn olówó ayé fi ń san owó fún ẹni tí ó bá dá igbó sí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, Báńkì Àgbáyé san 4,862,280 dọ́là fún Ghana nítorí tọ́ọ̀nù carbon 972,456 tí wọ́n dín kù: dọ́là 5 lórí tọ́ọ̀nù kan.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Ekuri ní Ìpínlẹ̀ Cross River. Fúnra wọn ni wọ́n ń ṣọ́ igbó wọn, tí wọ́n fi gba ẹ̀bùn Equator Prize ní 2004. Ní 2008, ìjọba fòfin de gígé gẹdú. Owó gẹdú dúró. Owó carbon tí wọ́n ń retí kò rọ́pò rẹ̀.

Ànábì (SAW) ní kí wọ́n san owó alágbàṣe kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Al-Kùránì sì pàṣẹ pé kí wọ́n kọ àdéhùn gbèsè sílẹ̀. Nítorí náà, bí irú ètò yìí bá dé Ẹ̀júkù, kí àgbà àti ọ̀dọ́ béèrè kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé: Ta ni yóò wọn igbó? Ọwọ́ ta ni owó yóò dé? Kí ni àwọn tí ń jẹun nínú igbó yóò jẹ kí owó tó dé?

Àmánà ni igbó. Ẹ̀tọ́ sì ni owó ìṣọ́ rẹ̀. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ọ̀kan pa èkejì lára. Àmín.