Ta Ló Mọ Òpin Ìtàn? Àlọ́, Fíìmù Àtẹ̀léra àti Eré Ìtàn Orí Tábìlì

Mo gbọ́ pé ẹnu ya àwọn kan nígbà tí wọ́n rí àkọlé ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n ní kí ni àgbàlagbà tó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ń wá nídìí fíìmù àwọn tó ń gbé ojú òfuurufú àti eré onídáìsì. Ìdáhùn mi àkọ́kọ́ ni pé mo fẹ́ràn wọn. Ìdáhùn kejì ló gbé mi dórí pèpéle yìí.

Nílé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Apàlọ́ jókòó, ó ní, "Ààlọ́ o!" Àwọn ọmọ dáhùn, "Ààlọ̀!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo. Bí ìtàn bá dé ibi orin, apàlọ́ á dá a, àwọn ọmọ á gbè é. Bí wọn ò bá gbè é, àlọ́ kú sí i lẹ́nu nìyẹn. Síbẹ̀, kò sí ọmọ kan níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé Ìjàpá á tẹ́ nígbẹ̀yìn. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Apàlọ́ mọ òpin, ọmọ náà mọ òpin, kò sì sí ẹni tí ìyẹn bí nínú, nítorí ohùn ọmọ náà ni ìpín tirẹ̀ nínú ìtàn.

Ìbéèrè méjì ni màá fi wọn gbogbo ìtàn tí mo bá dárúkọ lónìí. Ta ló mọ òpin rẹ̀? Ta ló sì ní ohùn níbẹ̀?

Ìtàn tí a ń fi ojú jẹ

Nínú àwọn fíìmù àtẹ̀léra orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí mo ti wò jù ni The Expanse. Ọdún 2015 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn Syfy ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi í hàn. Lẹ́yìn sáà mẹ́ta, ní 2018, wọ́n ní àwọn ò ṣe é mọ́. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò gbà. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n háyà ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan pé kó fa àsíá kọjá lórí ọ́fíìsì Amazon. Amazon gbà á, sáà mẹ́ta mìíràn sì tẹ̀ lé e, títí ó fi parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀. Nínú ìtàn yìí, ọmọ ènìyàn ti tẹ̀dó sí Mars, wọ́n sì ti ń gbé inú àwọn àpáta tó ń yí oòrùn po láàárín Mars àti Jupiter. Àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ ga fíofío, wọ́n sì tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí àpáta wọn kò ní agbára láti fa ènìyàn mọ́lẹ̀ bí ilé ayé ti ń fà wá. Yìnyín ni wọ́n ń lọ wà wá láti ọ̀nà jíjìn kí wọ́n tó rí omi mu. Bí ẹni tó ni ibùdó bá fẹ́ fìyà jẹ wọ́n, omi tàbí afẹ́fẹ́ ló máa fi halẹ̀ mọ́ wọn. Ẹni tó ti dúró de tánkà omi rí kò nílò kí n túmọ̀ ìyẹn. Wọ́n ní èdè tiwọn, àdàlú èdè oríṣiríṣi, wọ́n sì máa ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, torí pé bí ènìyàn bá wà nínú aṣọ òfuurufú, ta ni yóò rí i pé ó mi orí?

Ọkọ̀ wọn pàápàá ń gbọ́ràn sí òfin sáyẹ́ǹsì. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, gbogbo ohun tó wà nínú ọkọ̀ á léfòó. Bí wọ́n bá fẹ́ dúró síbì kan, ní ìdajì ọ̀nà ni wọ́n á ti yí ìdí ọkọ̀ síwájú, kí iná ẹ́ńjìnnì lè máa dín eré rẹ̀ kù. Kò sí bíréèkì lójú òfuurufú.

Àwa náà ní tiwa. Ní 2022 ni Aníkúlápó, fíìmù Kúnlé Afọláyan, jáde lórí Netflix. Àtẹ̀léra rẹ̀ tẹ̀ lé e ní 2024. Saro, ọ̀dọ́mọkùnrin ahunṣọ, kú, ẹyẹ àkàlà jí i, agbára àtijí òkú sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é, ibi gbogbo láyé ni wọ́n sì ti lè wò ó.

Ẹ wá jẹ́ ká bi àwọn fíìmù yìí ní ìbéèrè méjì wa. Ta ló mọ òpin? Òǹkọ̀wé ni. Ta ló ní ohùn? Òǹkọ̀wé yìí kan náà ni. A lè pariwo mọ́ tẹlifíṣàn títí ilẹ̀ á fi mọ́, Saro kò ní gbọ́.

Ìtàn tí a ń fi ẹnu kọ́

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1974, ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Lake Geneva, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré kan jáde. Dungeons & Dragons ni wọ́n pè é. Gygax ti ṣiṣẹ́ abánigbófò rí, ó sì ti fi àtúnṣe bàtà jẹun. Ẹ̀dà ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn àgbà ọkùnrin ibẹ̀ máa ń fi ọmọ ogun kéékèèké jagun lórí tábìlì, ẹnì kan a darí odindi ogun. Ohun tí Arneson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Minnesota yí padà ni pé wọ́n ní kí oníkálukú fi ogun sílẹ̀, kó di ènìyàn kan ṣoṣo.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹnì kan ni apàlọ́. Dungeon Master ni wọ́n ń pè é. Àwọn mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún yòókù, kálukú á yan ẹni tí òun jẹ́: jagunjagun, olè, olóògùn, akọrin. Á kọ ọ́ sórí ìwé bí agbára rẹ̀ ti tó, bí ara rẹ̀ ti yá tó, ìfaradà rẹ̀, òye rẹ̀, ọgbọ́n rẹ̀, àti bí ó ti lè fa ènìyàn mọ́ra tó. Dáìsì lúdò ní ojú mẹ́fà. Nínú eré yìí, ẹ óò rí olójú 4, olójú 8, olójú 10, olójú 12, àti bàbá wọn, olójú 20.

Alága ìjókòó òní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi yín ṣe àpẹẹrẹ. Ọdẹ ni yín. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ dé etí odò kan, afárá rẹ̀ ti já. Ní òdìkejì, ẹ ń gbọ́ igbe ọmọdé. Kí lẹ máa ṣe?

Alága ní àwọn á fò ó! Ó dáa, sà. Èmi apàlọ́ ní fífò náà le tó 15. Ẹ̀yin ní 3 tí ẹ óò fi kún ohun tí dáìsì bá sọ, torí pé alágbára ni yín. Bí dáìsì bá já sí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti kọjá; ojú mẹ́sàn-án nínú ogún ló ń bẹ lẹ́yìn yín. Ẹ gbà, ẹ dà á.

Méje. Alága ti bọ́ sómi.

Ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́, ẹ wò mí. Mo ti ro ó nílé pé wọ́n á bá ọmọ náà ní òdìkejì, ọmọ náà á sì mú wọn dé ààfin kan. Odò ti ń gbé wọn lọ báyìí, mi ò sì mọ ibi tó ń gbé wọn lọ. Ọba ni apàlọ́ nídìí tábìlì, ṣùgbọ́n dáìsì ni Ọ̀yọ́mèsì rẹ̀. Kò sí ohun tó wù ú tó lè ṣe láìfi tiwọn ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi dáìsì yìí wé ikin Ifá o. Babaláwo gbà pé ẹni tó mọ̀dí ọ̀rọ̀ lòun ń bi. Dáìsì kò mọ nǹkan kan, ìdí nìyẹn gan-an tí a fi ń lò ó. Apàlọ́ kò mọ òpin, òǹṣeré kò mọ òpin, gbogbo wọn ló sì ní ohùn.

Láti orí tábìlì dé ojú tẹlifíṣàn

Ẹ lè rò pé ọ̀tọ̀ ni tábìlì, ọ̀tọ̀ ni tẹlifíṣàn. The Expanse tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, eré ló kọ́kọ́ jẹ́. Ty Franck ló ń darí rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí òun àti Daniel Abraham tó jọ sọ ọ́ di ìwé. Ìwé àkọ́kọ́ jáde ní 2011, orúkọ kan ṣoṣo, James S. A. Corey, ni àwọn méjèèjì sì fi kọ ọ́.

Ní 2015, Matthew Mercer àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ eléré tó ń fi ohùn ṣiṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré tiwọn hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Critical Role ni wọ́n pè é. Ènìyàn jókòó ti tábìlì fún wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin, wọ́n ń sọ̀tàn, àwọn èrò sì ń wò wọ́n. Ní 2019 wọ́n tọrọ 750,000 dọ́là lọ́wọ́ àwọn èrò náà láti fi ṣe fíìmù àwòrán kékeré kan. Ohun tí wọ́n rí gbà lé ní mílíọ̀nù 11 dọ́là. Fíìmù kékeré di àtẹ̀léra, The Legend of Vox Machina, tó bẹ̀rẹ̀ lórí Prime Video ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022.

Nínú Stranger Things, tó bẹ̀rẹ̀ lórí Netflix ní 2016, àwọn ọmọdé kan ń ṣe eré yìí ní Indiana ní ọdún 1983. Nígbà tí ẹ̀rù tòótọ́ dé, inú eré ni wọ́n ti rí orúkọ tí wọ́n máa pe ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n.

Ohun tí òbí ń bẹ̀rù

Ẹ̀yin òbí, mo mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu yín: ṣé kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn nìyí? Àwọn ará Amẹ́ríkà náà bèèrè bẹ́ẹ̀ láàárín 1980 sí 1989. Àwọn òbí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbógun ti eré náà, wọ́n ní Èṣù Bíbélì ló ń fi í mú ọmọ. Wọn kò rí i fi múlẹ̀. Ọmọ tó bá sọ pé òun pa dírágónì, ẹnu ló fi pa á.

Ní ti owó, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, àwọn tó ni eré náà fi ìpìlẹ̀ òfin rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni máa lò ó. Pẹ́ńsùlù, bébà àti dáìsì ló kù. Bí iná bá lọ, bí dátà bá tán, ẹ tan àtùpà, kí eré máa lọ.

Kàkó lẹ́nu ọ̀nà

Ní ọdún 1938, ọdún 36 ṣáájú eré ará Amẹ́ríkà yìí, D. O. Fágúnwà ti kó àwọn ọdẹ jọ nínú ìwé rẹ̀ kan fún ìrìn àjò Òkè Lángbòdó, ẹ̀bùn oníkálukú sì yàtọ̀: Kàkó ní agbára, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn, Èfòyè ní ọfà. Ẹni tó bá ti jókòó ti tábìlì rí mọ irú ẹgbẹ́ yìí dáadáa.

Èyí ló jẹ́ kí n gbé ìtàn náà sórí tábìlì pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ẹ rántí pé nígbà tí Kàkó fẹ́ lọ, obìnrin rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó ní kò ní fi òun sílẹ̀. Ẹ rántí ohun tí Kàkó ṣe: ó pa á. Ọdọọdún ni mo ń kọ́ni ní ìwé náà, ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bínú sí Kàkó, obìnrin náà kò sì yé kú.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ń ṣe Kàkó lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún un pé obìnrin náà ti dì í mú, àwọn ọdẹ ń dúró, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Kí lo máa ṣe?" Ó dákẹ́. Gbogbo tábìlì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo yọ àdá, mo gbé e lé e lọ́wọ́, mo ní kó máa bá wa kálọ."

Fágúnwà kò kọ ìyẹn. Èmi náà kò ronú kàn án. Mo wo ojú wọn, mo mú dáìsì, mo sì bi í pé kí ni orúkọ obìnrin náà.